Obìnrin Ilẹ̀ Sàró tí Ó Di Olùdámọ̀ràn Àgbáyé

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì àwọn àgbà wa ní Múṣin, a ń ka ìròyìn kékeré kan. A kà á débi tí wọ́n ti sọ pé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ń gba àwọn ìjọba àgbáyé nímọ̀ràn. Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní ọjà Òjúwòyè bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ dúró ná. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Ṣé dókítà ni, àbí lọ́yà?"

Mo ní, "Rárá, ìyá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó jókòó ti àwọn ènìyàn, kí ó máa wo bí wọ́n ti ń gbé ayé wọn, kí ó máa bi wọ́n léèrè, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyá náà ní, "Kí ó máa wo ènìyàn! Wọ́n sì ń sanwó fún un?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

N kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Aago mẹ́sàn-án ti lù, àwọn ìyá sì ní láti wọ mọ́tò lọ sílé. Ìdáhùn mi ni mo kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa, ní Súrùlérè. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti tún ìlú Èkó ṣe, tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board, bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti wó àwọn ilé àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní àwọn ilé náà há jù, wọ́n dọ̀tí, àìsàn sì lè ti ibẹ̀ tàn káàkiri. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti dá sílẹ̀ ní ọdún 1928, lẹ́yìn ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Súrùlérè, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wó ilé wọn lọ síbẹ̀. Títì ibẹ̀ fẹ̀, omi ẹ̀rọ wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé dáadáa. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkèèrè yóò ní, "Kí ni ènìyàn tún ń wá?"

Ní nǹkan bí ọdún 1958, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Peter Marris wá sí Èkó. Ó lọ láti ilé dé ilé, ní Erékùṣù àti ní Súrùlérè, ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè. Ní ọdún 1961 ó tẹ ohun tí ó rí jáde nínú ìwé. Kí ni ó rí? Ó rí i pé òwò ti dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ. Ìyá tí ń ta ata àti iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Èkó kì í wá oníbàárà kiri: ọ̀nà ọjà ni ilé rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀. Nígbà tí ó dé Súrùlérè, ta ni yóò kọjá? Ọkọ rẹ̀ ń san owó ilé tí ó ga ju ti àtijọ́ lọ, ó tún ń san owó bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Owó tí ìyàwó ń mú wá sì ti gbẹ. Àwọn ẹbí tí wọ́n máa ń bá wọn mójú tó ọmọ ti kù sí òdì kejì ọ̀sà. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Àwọn mìíràn padà sí Èkó, wọ́n lọ rẹ́ǹtì yàrá kan ṣoṣo síbi tí ó há ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ilé náà kò ní àléébù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ka iye yàrá, ó ka iye ìlẹ̀kùn, kò ka àtẹ tí ìyá ń pa lẹ́nu ọ̀nà mọ́ ohun tí ilé ń jẹ. Kò bi ìyá náà léèrè. Bí a bá ń sọ sùúrù lérè fún ẹni tí àtẹ rẹ̀ ti dàrú, ọ̀rọ̀ kò ní tètè wọ̀ ọ́ létí.

Ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń béèrè ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àwọn Òyìnbó ń pe ẹni tí ń ṣe é ní anthropologist. Àwa lè pè é ní olùwádìí ìgbé-ayé ènìyàn. Kì í dé lónìí kí ó lọ lọ́la. Ó máa ń gbé láàárín àwọn ènìyàn náà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò kọ́ èdè wọn. Yóò bá wọn lọ sí oko, sí ọjà, síbi òkú àti síbi ìyàwó. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu sọ àti ohun tí ó ń ṣe lè yàtọ̀, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́. Ẹ bi baálé ilé kan pé iṣẹ́ wo ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Yóò ní, "Kò ṣiṣẹ́, ilé ló wà." Ẹ wá jókòó sílé náà láti ìdájí. Ẹ óò rí i pé obìnrin tí "kò ṣiṣẹ́" yìí ti pọn omi, ó ti dáná, ó ti wẹ ọmọ, ó ti gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ sí ìkóríta, ó ti tà á tán, ó ti san owó àjọ, kí baálé tó jí. Ẹni tí ó bá ń kọ èsì baálé nìkan sílẹ̀ yóò kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba, kò sì ní mọ̀.

Orúkọ obìnrin tí a kà nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni Filomina Chioma Steady. Ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone ni, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ní Smith College, níbi tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́, ó sì tẹ̀ síwájú ní Yunifásítì Boston. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lọ sí Oxford láti kọ́ irú ìmọ̀ yìí ni wọ́n máa ń lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ rí. Ní ti Steady, orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni ó padà sí. Fìrítáùn ni ó ti ṣe ìwádìí, ohun tí ó sì yàn láti wádìí ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin.

Àwa ará Èkó kì í ṣe àlejò ní Fìrítáùn. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Nítorí pé wọ́n ń kí ara wọn ní "ẹ kú," àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Akú. Àjàyí Crowther wà lára wọn. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn Ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní ọdún 1827. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá sí Bàdágìrì, Abẹ́òkúta àti Èkó. Àwọn ni a ń pè ní Sàró, àwọn ọmọ wọn sì ń gbé Èbúté Mẹ́ta àti Yábà títí di òní.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ó padà, àwọn tí wọ́n dúró sì fi ohun kan sílẹ̀ níbẹ̀. Èsúsú ni. Bí ẹ bá dé Fìrítáùn, ẹ óò gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ "osusu." Ohun kan náà ni: obìnrin mẹ́wàá ń dá owó, ẹnì kan ń kó o lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn ń kó o lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, títí yóò fi yí wọn ká. (Kì í ṣe àjọ ojoojúmọ́ ni mo ń wí o, èyí tí alájọ ń gbà kiri tí ó sì ń mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀.) Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sọdá òkun. Àwọn ará erékùṣù Bahamas ń pè é ní "asue," àwọn ará Trinidad ń pè é ní "susu."

Steady jókòó ti irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá ẹgbẹ́ ìsìnkú, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin òṣèlú. Ní ọdún 1975 ó tẹ ìwé jáde nípa ẹgbẹ́ àwọn obìnrin òṣèlú ilẹ̀ Sierra Leone. Ní ọdún 1976 ó kọ nípa ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Fìrítáùn. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò kàn ń yìn. Ó rí i pé ẹgbẹ́ kan lè kó obìnrin jọ, kí ó fún un ní ọ̀rẹ́, kí ó sin òkú rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kí ó máa kọ́ ọ pé kí ó dúró sí ààyè rẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn a sì gbé e dìde.

Ní Èkó tiwa, ẹ̀rí irú ẹgbẹ́ kejì yìí kò jìnnà. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà tí ń ta ẹja kò mọ ìwé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó títí tí ó fi kú ní ọdún 1951. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kápútéènì Pullen fi òfin dá iye owó gàrí àti oúnjẹ mìíràn, ó sì fẹ́ kí ìjọba máa tà á. Àwọn obìnrin kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1945 ètò náà parẹ́. Ká ní àwọn ìjòyè ìjọba ti béèrè lọ́wọ́ wọn nípa iye tí wọ́n ń ra gàrí lóko àti iye tí ọkọ̀ ń gbà, bóyá wọn ì bá má ti bẹ̀rẹ̀ rárá.

N kò gbọdọ̀ gbàgbé obìnrin mìíràn tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Gloria Marshall ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Florida ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1938. Niara Sudarkasa ni ayé mọ̀ ọ́n sí nígbẹ̀yìn. Àwọn òbí àgbà rẹ̀, ará Bahamas, ni ó gbé lọ́dọ̀ wọn. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ nípa owó tí àwọn àgbà ń dá. Ìgbà tí ó dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó kà nínú ìwé pé àwọn Yorùbá ní èsúsú, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un pé ọ̀rọ̀ ilé wọn ni. Ní ọdún 1961 ó wá gbé ní Aáwẹ̀, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ó ń bá àwọn ìyá ná ọjà káàkiri. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1973. Ó fi hàn pé owó ìyàwó yàtọ̀ sí owó ọkọ nínú ilé Yorùbá, pé àwọn ènìyàn sì ka fífún ìyàwó lówó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò mọ́ ojúṣe ọkọ. Sí wa, kí ni tuntun níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, wọ́n rò pé níbi gbogbo láyé ọkọ ni ń bọ́ ìyàwó. Ní ọdún 1987 ni Sudarkasa di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania, níbi tí Àsíkíwè àti Nkrumah ti kàwé. Ó kú ní ọdún 2019.

Múṣin náà ti rí olùwádìí tirẹ̀. Sandra Barnes, ará Amẹ́ríkà, gbé ibẹ̀ nígbà àwọn ọdún 1970, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1986 nípa bí ènìyàn ṣe ń di ẹni ńlá ní Múṣin. Ilé kíkọ́ ni ọ̀nà, ó ní. Ẹni tí ó bá ní ilé ni ó ní ohùn, nítorí pé àwọn ayálégbé ń sá tọ̀ ọ́ bí ọ̀ràn bá dé. Ó kọ nípa àwọn obìnrin náà tí wọ́n ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ́lé, tí ohùn wọn sì ti ibẹ̀ gbòòrò.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Steady, kí a wo bí ẹni tí ń jókòó ti ènìyàn ṣe ń di olùdámọ̀ràn.

Ní ọdún 1981 ó kó àpilẹ̀kọ jọ sínú ìwé kan nípa àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù Karíbíà. Nígbà náà, àwọn obìnrin Òyìnbó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn gan-an. Steady kò ta ko ìjà wọn. Ohun tí ó sọ ni pé àìsàn tí ó ń ṣe obìnrin Áfíríkà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin lè rẹ́ ẹ jẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn ti rẹ́ òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ pọ̀, òṣì sì ń bá àwọn méjèèjì fínra. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tún ayé obìnrin Áfíríkà ṣe kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ yà á kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí mú kí wọ́n máa ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó là ọ̀nà fún èrò àwọn obìnrin Áfíríkà nípa ara wọn.

Nígbà kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń pe ìpàdé ńlá lórí ọ̀ràn àwọn obìnrin: ní Mẹ́síkò ní ọdún 1975, ní Copenhagen ní 1980, ní Nàìróbì ní 1985. Àwọn ìjọba ti ń rí i pé owó ìdàgbàsókè tí wọ́n ń ná ń ṣòfò. Ẹ wo ilẹ̀ Gáńbíà. Àwọn obìnrin ni ń gbin ìrẹsì nínú irà níbẹ̀ láti ayébáyé. Láti ọdún 1966 ni àwọn ará Taiwan ti kó ètò ìrẹsì tuntun wá, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n fún ní ilẹ̀, ajílẹ̀ àti owó yíyá, nítorí pé wọ́n rò pé ọkùnrin ni àgbẹ̀. Ìrẹsì kò wá pọ̀ tó bí wọ́n ti rò. Olùwádìí obìnrin kan, Jennie Dey, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1981. Àṣìṣe Súrùlérè náà ni, oko ni wọ́n gbé e lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ẹni bíi Steady. Àwọn ẹnjiníà mọ bí a ṣe ń gbẹ́ kànga. Àwọn onímọ̀ owó mọ iye tí yóò ná ni. Wọ́n nílò ẹni tí yóò béèrè pé: ta ni yóò fa omi náà? Ṣé ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ lè gbé apá ẹ̀rọ náà sókè? Àkókò wo ni wọ́n ń pọn omi? Ta ni ilẹ̀ tí kànga wà lórí rẹ̀? Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọwọ́ ta ni owó àtúnṣe wà?

Nígbà tí àwọn ìjọba ń múra ìpàdé àgbáyé lórí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní oṣù kẹfà ọdún 1992, Steady ni wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí ọ̀ràn obìnrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìmúra náà, ọ̀rọ̀ obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìwé wọn. Bí ẹni pé kì í ṣe obìnrin ni ń ṣẹ́ igi, tí ń fa èéfín símú, tí ń wá omi lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Ní oṣù karùn-ún ọdún 1991 wọ́n ṣe ìpàdé kan ní Geneva lórí obìnrin, ọmọdé àti òṣì. Steady ni ó ṣe àkójọ ìwé tí ó jáde nínú rẹ̀ ní ọdún 1993. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti oríṣiríṣi ilẹ̀ náà tẹra mọ́ ọn. Nígbà tí ìwé àdéhùn Rio jáde, orí 40 ni ó ní, orí 24 rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn obìnrin látòkè délẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ o. Ìwé àdéhùn náà kì í ṣe òfin. Ìjọba tí ó bá fọwọ́ sí i kò ní lọ sẹ́wọ̀n bí kò bá mú un ṣẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ ti ní ibi tí yóò na ọwọ́ sí: "Ẹ fọwọ́ sí i. Òun nìyí."

Lẹ́yìn náà, ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Wellesley College ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà níbẹ̀. Kò fi àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2006 ó tún tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn obìnrin Áfíríkà ṣe ń pawọ́ pọ̀, Sierra Leone ni ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2011 ó kọ òmíràn lórí àwọn obìnrin olórí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo ka nǹkan wọ̀nyí fún kíláàsì. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Tíṣà, ó ti yé mi. Ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ omi?"

Mo rántí. Ní ọjà kan ní apá ibí, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ omi wá fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Wọ́n fi ìlù àti ijó ṣí i. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ẹni tí ń mójú tó o máa ń ṣí i, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò tì í pa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti nílò omi láti aago márùn-ún ìdájí, àwọn ẹlẹ́ja kò sì ní fọ àtẹ wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Wọ́n ṣì ń ra omi lọ́wọ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ tuntun sì wà níwájú wọn.

Ó ní, "Bí obìnrin Sàró yẹn bá dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni yóò bi wá?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bi yín?"

Iṣẹ́ ilé tí mo fún wọn nìyẹn. Èmi rò pé wọn yóò kọ ìlà méjì méjì. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kọ ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó kọ, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ni: "Aago mélòó ni ẹ ń jí?" Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ èsì sí: "Aago mẹ́rin. Kò sí ẹni tí ó bi mí rí."